Àbúrò mi ò fẹ́ fi ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sílẹ̀, ó ní "Pulp náà pẹ́". Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ÀkàndéLeeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Leeds níbí la bí i sí, ó ti pé ọmọ ọdún 26. Gìtá ló ń ta. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, irú orin gìtá tí àwọn ará ibí ń pè ní índì ni wọ́n ń ṣe. Ọdún karùn-ún rèé. Lọ́sàn-án á kó ẹrù ní wíáháùsì, lálẹ́ wọ́n á lọ ṣeré ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí fún èèyàn ọgbọ̀n, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Owó tí wọ́n ń rí ò tó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé irinṣẹ́ kiri.

Màmá wa ní kó padà sílé ìwé. Ó kọ̀. Bá a bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Pulp náà pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ wọ́n." Èmi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Pulp. Fújì ni tèmi. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ti gbé ìwé àdéhùn wá pé kí wọ́n ṣe àwo márùn-ún fún àwọn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì fẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Pulp yìí, àbí ó kàn ń fi pa wá lẹ́nu mọ́? Kí ni ká sọ fún un?

BàbáSheffield

Àkàndé, àbúrò ẹ ò parọ́. Ìlú tí mò ń gbé ni wọ́n ti wá. Sheffield, orúkọ tẹ́ ẹ máa ń rí lára ọ̀bẹ àti ṣíbí àtijọ́ nílé àwọn bàbá wa, torí ìlú alágbẹ̀dẹ irin ni. Lọ́dún 1978 ni ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan, Jarvis Cocker, dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nílé ìwé. Arabicus Pulp ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ìgbà tó yá ni wọ́n gé e kù sí Pulp. Ọmọ yẹn ń tajà fún eléja ní ọjà Castle Market. Ẹ fojú inú wò ó: gíga bí òpó, awò ńlá lójú, òórùn ẹja lára, ó sì ń sọ fáyé pé gbajúmọ̀ lòun máa dà.

Ní 1981 ó fún John Peel ní kásẹ́ẹ̀tì wọn. Peel yìí ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC tí gbogbo ọmọ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá lójú méjèèjì nígbà náà. Ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní kí wọ́n wá ṣeré lórí ètò òun ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Wọ́n rò pé wọ́n ti dé nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba yunifásítì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku òun nìkan pẹ̀lú orúkọ Pulp lọ́wọ́.

Àwo wọn kìíní jáde ní 1983, ọjà ò wá. Ní 1985 Jarvis fẹ́ ṣe àṣehàn fún ọmọbìnrin kan, ó fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé, ló bá já bọ́. Eegun fọ́. Ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ fún ìgbà díẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ náà ló sì ń jókòó kọrin lójú agbo. Àwo kejì, 1987, òun náà ò rìn jìnnà. Wọ́n gba ìkẹta sílẹ̀ ní 1989, ó di 1992 kó tó jáde. Ìgbà tí Peel tún máa pè wọ́n, ọdún 1993 ni. Ọdún méjìlá láàárín ìpè kìíní àti ìkejì!

1994 ni àwo His 'n' Hers wọ ipò kẹsàn-án lórí àtẹ àwo tó ń tà jù ní ilẹ̀ yìí. Oṣù karùn-ún 1995 ni orin wọn "Common People" jáde, ó gun ipò kejì. Ẹ ka oṣù àti ọdún. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti tó kọ ìdánwò ìparí sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ ṣeun sà, ìtàn yín dùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ọ̀dájú díẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin mélòó ló bẹ̀rẹ̀ ní Sheffield ní 1978 tá ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí? Àwọn náà pẹ́. Wọ́n pẹ́ títí wọ́n fi rẹ̀. Ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ là ń rí níbi tó ti ń jó, a kì í rí àwọn tó wọlé lọ sùn.

Ohun kejì: owó aláìníṣẹ́ tí ìjọba ń san ni Jarvis fi ń jẹun ní púpọ̀ nínú àwọn ọdún yẹn. Ilé ò wọ́n, àwọn ilé-iṣẹ́ irin ti ń kógbá wọlé, àyè tó ṣófo pọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti fi gìtá pariwo. Leeds ti òde òní ńkọ́? Ẹ wo owó ilé. Kó má fi ọdún 17 ẹlòmíràn ṣe kàlẹ́ńdà tirẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà níbí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ má gba ti àbúrò Àkàndé ṣe o. Físà yẹn ò gbà yín láyè láti dá iṣẹ́ ara yín ṣe tàbí kí ẹ máa gbowó ṣeré. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni tirẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kó máa bá wọn ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ọ̀nà á là.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Àmín mà. 😄

Adéọlá_ỌmọAyàn

Ẹ ti fo ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni màmá Àkàndé máa fẹ́ gbọ́.

Jarvis padà sílé ìwé! Ní 1988, ẹni ọdún 25, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ náà ti wà, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Sheffield lọ sí Saint Martins, ilé ìwé iṣẹ́ ọnà ní London, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Gbogbo ayé rò pé Pulp ti tán. Kò sì tán. Steve Mackey, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Sheffield tó ń ta gìtá béèsì, náà wà ní London, bí àwọn tó kù bá rí àyè wọ́n á wá, wọ́n á kọrin.

Ilé ìwé yẹn ló bí "Common People". Ọmọbìnrin kan láti ilẹ̀ Gíríìkì wà ní kíláàsì kan pẹ̀lú rẹ̀, ó sọ fún un pé òun fẹ́ gbé láàárín àwọn mẹ̀kúnnù kóun rí bó ṣe ń rí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ eléja tó ti jẹ owó aláìníṣẹ́, ẹnì kan wá ń wò ó bí ẹni wo ìran. Ó gbé e sínú fún ọdún mélòó kan kó tó di orin. Ká ní ó jókòó sí Sheffield, ibo ló ti máa pàdé ọmọ olówó tó fẹ́ fi òṣì ṣeré?

Ohùn orin náà wá ńkọ́? Ó ra kíbọ́ọ̀dù Casio kékeré kan, òkìrìkà, ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù ní Notting Hill, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó kù, Steve rẹ́rìn-ín. Candida Doyle, obìnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn, ló rí i pé nǹkan wà níbẹ̀. Èmi ò tíì rí ẹgbẹ́ olórin tó dáa tí kò ní ẹnì kan tó máa ń gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ń fi rẹ́rìn-ín. Àkàndé, béèrè lọ́wọ́ àbúrò ẹ, ta ni Candida tiwọn?

Obìnrin yẹn náà, ẹ má gbàgbé, aromọléegun ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Oríkèé ọwọ́ ń ro ó, ó sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

ÀkàndéLeeds

Ẹ̀yin èèyàn! Mo ka ti Adéọlá yìí sétí Màmá, wọ́n fò dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ilé ìwé!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé a ti fún wọn ní ìbọn.

Adéọlá_ỌmọAyàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún Màmá pé kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sílé ìwé o. Ó gbé e dání lọ ni. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Kó wá ilé ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ lè wúlò fún orin: ìgbohùnsílẹ̀, fíìmù, ìṣirò owó pàápàá. Jarvis lo ohun tó kọ́ yẹn láti ya fídíò fún àwọn olórin mìíràn.

Lọ́yàKékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé àdéhùn, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ó fẹ́ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí, kì í ṣe ti ọdún 17.

Ẹ tún wo ohun tí Bàbá Sheffield sọ: wọ́n gba àwo kẹta sílẹ̀ ní 1989, ó jáde ní 1992. Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi wà nínú àpótí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àwo márùn-ún lẹ ti fi ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ kan, tí kò sì sí ọjọ́ nínú ìwé, wọ́n lè gbé e síbẹ̀ títí irun yín á fi funfun. Ẹ ò ní lè gbé e lọ síbòmíràn. Nítorí náà:

Àwo márùn-ún ti pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ tó ń kọrin fún ọgbọ̀n èèyàn. Ẹ fún wọn ní ẹyọ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ ìkejì, kí ẹ jọ tún jókòó. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "ilé-iṣẹ́ lè yàn láti tẹ̀síwájú" dáadáa, torí àwọn nìkan ni àṣàyàn yẹn máa ń wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ tiyín dì.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí àwo bá ti délẹ̀, tí oṣù 12 bá kọjá láìjẹ́ pé ó jáde, ó ti padà di ti ẹgbẹ́ olórin nìyẹn. Bí wọn ò bá gba èyí, ẹ̀yin náà ẹ kọ̀.

Kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má sí lórúkọ ilé-iṣẹ́.

Kó má san owó púpọ̀ fún lọ́yà bí èmi. Kó wọ Musicians' Union, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti sanwó, wọ́n máa ń bá a ka ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n mọ ọgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń bá olórin gba owó: PRS fún orin tó kọ, PPL fún ohùn àti gìtá tó wà nínú àwo. Àwọn méjèèjì yàtọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ọ̀kan, wọ́n ń fi owó ìkejì sílẹ̀.

BàbáSheffield

Lọ́yà, o rán mi létí nǹkan. Island Records ni ilé-iṣẹ́ ńlá tó wá gba Pulp, àwọn ló gbé His 'n' Hers àti Different Class jáde. Ṣé ẹ rántí pé Island yìí kan náà ló gba King Sunny Adé wa? Bob Marley ti kú ní 1981, wọ́n ń wá ẹlòmíràn. Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984, ó parí, wọ́n yọwọ́. Kí Island tó dé ni Sunny ti ní ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ nílé, Sunny Alade Records. Ìgbà tí òyìnbó yọwọ́, ó padà sídìí iṣẹ́ ara rẹ̀, ó ń ṣòde lọ. Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀, lílé jáde ò lè sọ ọ́ di aláìnílé.

Gbọ́lágadé_Bass

Èmi náà ń ta béèsì, ní Birmingham. Owó ló tú ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ wà ká, kì í sì í ṣe owó ńlá o. Orin kan wọ ìpolówó ọjà, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin ní òun nìkan ló ni ín. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ẹ lọ wo orúkọ tó wà lẹ́yìn "Common People". Márùn-ún ni: Banks, Cocker, Doyle, Mackey, Senior. Jarvis ló kọ ọ̀rọ̀, òun ló kọrin, òun ni gbogbo ayé mọ̀, síbẹ̀ onílù, onígìtá, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, gbogbo wọn lorúkọ wọn wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Leeds yìí, kí wọ́n jókòó lálẹ́ òní, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa pín in sórí pépà. Ìgbà tí kò sí owó ni pínpín owó rọrùn.

Tóyọ̀sí_Manchester

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn òde èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé ọtí, torí ó dà bíi pé Àkàndé ń fojú kéré wọn.

Ní oṣù kẹfà 1995, The Stone Roses ló yẹ kó gbẹ̀yìn lálẹ́ Sátidé ní Glastonbury, òde ìta gbangba tó tóbi jù ní ilẹ̀ yìí. Onígìtá wọn ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, eegun èjìká dá. Àwọn tó ni òde náà wá ẹni tó máa dípò, ó di ọwọ́ Pulp, ọjọ́ tó kù ò pọ̀ rárá. "Common People" ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Wọ́n gorí ìtàgé, ẹgbàágbèje èèyàn sì ń bá wọn ké orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ lọ wo fídíò rẹ̀. Ẹ wo bí Jarvis ṣe ń fi ọwọ́ ṣe, bó ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀ bí ẹni jókòó sí pálọ̀. Ibi tó ti kọ́ ìyẹn ni àwọn yàrá tí èèyàn mẹ́wàá wà, tí márùn-ún nínú wọn ń bá ọtí lọ. Nígbà tí àyè ṣí lójijì, kò sí ohun tó kù tí wọ́n máa kọ́.

Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Mọ́kọ́lá lórí ohun kan: tí kò bá já ńkọ́? Ìbéèrè tí mo máa bi àbúrò yìí ni pé ṣé orin tí wọ́n ń kọ lọ́dún yìí dáa ju ti èṣí lọ? Pulp ọdún 1983 àti Pulp ọdún 1994 kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà lẹ́tí. Tí wọ́n bá ti dúró lójú kan fún ọdún márùn-ún, pípẹ́ kọ́ nìyẹn, jíjókòó ni.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun. Ẹ tún sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé òkè, kó má jẹ́ pé apá dídùn nìkan ni ọmọ náà máa gbọ́.

Tóyọ̀sí_Manchester

Òótọ́ ni. Different Class jáde ní oṣù kẹwàá 1995, ó gba ipò kìíní, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní ilẹ̀ yìí. Ní 1996 ó gba ẹ̀bùn Mercury, tí wọ́n ń fún àwo tó dáa jù lọ́dún, wọ́n sì fi owó ẹ̀bùn náà ta àjọ tó ń ṣètọ́jú àwọn ọmọdé tí ogun dé bá lọ́rẹ. Oṣù kejì ọdún kan náà ni ọ̀rọ̀ Michael Jackson ṣẹlẹ̀ ní BRIT Awards, ayẹyẹ ẹ̀bùn àwọn olórin ilẹ̀ yìí: Jackson ń ṣeré bí ẹni mímọ́ láàárín àwọn ọmọdé, Jarvis sáré gorí ìtàgé, ó yí ìdí sí èrò, ó fi ọwọ́ gbá a bí ẹni lé atẹ́gùn. Ọlọ́pàá mú un. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọn ò fẹ̀sùn kàn án. (Èmi fẹ́ràn Michael, inú mi ò dùn nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.) Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè rìn lójú títì mọ́.

Ohun tó fi ọdún 17 wá, kò bá a lára mu. Russell Senior, onígìtá tó ti wà pẹ̀lú wọn láti 1983, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Àwo This Is Hardcore, 1998, gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n òkùnkùn ló kún inú rẹ̀, àwọn tó fẹ́ "Common People" kejì sá. Wọ́n ṣe ọ̀kan sí i ní 2001, wọ́n sì dákẹ́ ní 2002. Wọ́n padà ní 2011 láti máa ṣeré, wọ́n tún lọ. Wọ́n padà ní 2023, ọdún tí Steve Mackey kú.

BàbáSheffield

Wọ́n ṣe àwo tuntun o, ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀. More, oṣù kẹfà 2025. Ọdún 24 ló wà láàárín rẹ̀ àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní Walthamstow, wọ́n fi rántí Steve, ó sì gba ipò kìíní. Jarvis ti lé lọ́gọ́ta. Mo rí àwọn ọmọ ogún ọdún tó ń rà á ní ìlú wa níbí, mo kàn ń wò wọ́n.

ÀkàndéLeeds

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo ní kí àbúrò mi wá, mo gbé fóònù fún un, ó ka gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ òun sójú ayé. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti gbé àwo sínú àpótí fún ọdún mẹ́ta, ó dákẹ́. Kò fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ti wọ Musicians' Union, ìwé àdéhùn ti wà lọ́wọ́ wọn, à ń retí èsì. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lálẹ́ àná lórí ọ̀rọ̀ pínpín, wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ jà torí onílù, àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá mẹ́rin, ọgbọọgba. Ó ní Candida tiwọn ni onílù yẹn.

Ti ilé ìwé, ó ní òun máa wo kọ́ọ̀sì ìgbohùnsílẹ̀ kan tí wọ́n ń ṣe lálẹ́. Kò ṣèlérí. Màmá ti ń ṣe bí ẹni pé ó ti gba àbájáde.

Màmá wá ní kí n bá àwọn bi yín ní ìbéèrè kan: Jarvis yìí, ṣé ó padà fẹ́yàwó ṣá?

BàbáSheffield

Sọ fún wọn pé ó fẹ́, ó sì bí ọmọkùnrin kan.

ÀkàndéLeeds

Wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣeun. Wọ́n ní àwọn máa wá wo eré wọn lọ́jọ́ Friday.